Ẹ Yé Fi Àgọ́ Ọlọ́pàá Ṣe Kóòtù

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọlọ́pàá gba gbèsè, ẹ̀yin onílé tí ẹ ń fi ọlọ́pàá lé ayálégbé, ẹ̀yin àna tí ẹ ń fi ọlọ́pàá parí ìjà tọkọtaya, ẹ̀yin ni mo ń bá wí lónìí. Ẹ jókòó, kí ẹ gbọ́. N kò ní fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ sábẹ́ ahọ́n, nítorí ohun tí ẹ ń ṣe ti di àṣà, àṣà náà sì ti ń ba ìlú jẹ́.

Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lóde òní, orí ọmọ tuntun ti wọ́, àwọn àgbà gan-an ló sì wà nídìí rẹ̀. Bí ajigbèsè bá pẹ́ sanwó, ta ló máa ń kọ́kọ́ sáré lọ bá ọlọ́pàá? Alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni. Ìyálọ́jà ni. Olórí ẹbí tó yẹ kó pe tọ̀tún tòsì jókòó, òun náà ti ní nọ́ńbà ọlọ́pàá kan lórí fóònù, ohun tó sì fi ń dẹ́rù ba ará ilé rẹ̀ nìyẹn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà: gbogbo yín lẹ mọ òwe yìí. Ẹ sì mọ̀ pé ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé, tó sì fi owó epo mọ́tò sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbọ́.

Mo wọ àgọ́ ọlọ́pàá kan nílùú mi láti lọ gba ìwé fún káàdì mi tó sọnù. Obìnrin kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn káńtà. Wọ́n ti gba gèlè rẹ̀, wọ́n ti yọ yẹtí rẹ̀, wọ́n ti bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ sí. Èlùbọ́ ló ń tà. Ó ṣì wà léèékánná rẹ̀ àti létí aṣọ rẹ̀. Mo béèrè ohun tó ṣe. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin ló gba ọ̀kadà lọ́wọ́ ẹnì kan, tó ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó wá sá kúrò nílùú. Ẹni tó ni ọ̀kadà jókòó sórí àga lábẹ́ fáànù. Ó sọ fún mi láìtijú pé, "Bàbá, bí wọn ò bá ti ìyá rẹ̀ mọ́lé, ọmọ náà ò ní jáde." Lára ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ọ̀fẹ́ ni bélì. Abẹ́ àkọlé yẹn ni àbúrò obìnrin náà dúró sí, tó ń ka owó bélì lé ẹnì kan lọ́wọ́.

Ọkùnrin abẹ́ fáànù yẹn kì í ṣe jàǹdùkú. Èèyàn tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ni. Owó rẹ̀ há lóòótọ́, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà á. Ohun tó bí mi nínú ni pé ó fi ìyá dógò gbèsè ọmọ. Láyé ọjọ́un, ìwọ̀fà máa ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dípò èlé owó tí ẹbí rẹ̀ yá. Ayé ti lajú kúrò nínú ìyẹn. Ẹ̀yin wá dá a padà, ẹ sì jẹ́ kó burú ju ti àtijọ́ lọ, nítorí ìwọ̀fà tó ti dàgbà ṣì ń ṣiṣẹ́ tán kó lọ sùn nílé ara rẹ̀. Ibo ni ìyá eléèlùbọ́ fẹ́ sùn lálẹ́ ọjọ́ náà?

Ẹ má sọ pé ẹ kò mọ̀ pé òfin lòdì sí i. Àwọn tó fi ọpọlọ wọn ṣiṣẹ́ kí mẹ̀kúnnù lè rí ìdájọ́ òdodo ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, kí ojú lè tì yín.

Olùkọ́ òfin ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò tẹ́lẹ̀ ní Yunifásítì Èkó. Ní 1999, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi í ṣe Kọmíṣánnà fún Ètò Ìdájọ́ àti Agbẹjọ́rò Àgbà, ó sì wà níbẹ̀ títí di 2007. Ẹ yọ òṣèlú kúrò níbẹ̀; ẹ má bi mí nípa ẹgbẹ́ tó wà àti ipò tó dé lẹ́yìn náà. Iṣẹ́ olùkọ́ tó jáde kúrò ní kíláàsì, tó lọ wo bí òfin ṣe ń ṣe tálákà lójú títì, ni mo ń sọ. Nígbà tó wà níbẹ̀ ni Èkó dá ọ́fíìsì tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí OPD sílẹ̀: lọ́yà tí ìjọba ń sanwó oṣù fún, tó ń gba ẹjọ́ ro fún ẹni tí kò lówó lọ́wọ́, láìgba kọ́bọ̀. Nígbà náà ni wọ́n ṣí ibùdó ìpẹ̀tùsááwọ̀ fún aráàlú, èyí tí wọ́n ń pè ní CMC. Onílé àti ayálégbé, ọ̀gá àti òṣìṣẹ́, ajigbèsè àti olówó, ọkọ àti ìyàwó, gbogbo wọn ló lè lọ síbẹ̀. Wọ́n á fi ìwé pe ẹnì kejì, ẹni tó mọ̀ nípa ìlaja á jókòó sáàárín wọn, ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí á di kíkọ sílẹ̀, wọ́n á sì tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọ̀fẹ́ ni.

Ní 2007, Èkó ṣe òfin tuntun lórí bí a ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn. Inú òfin yẹn ni wọ́n ti sọ pé a kò gbọ́dọ̀ mú ẹnikẹ́ni dípò ẹlòmíràn. Ìyá kò gbọ́dọ̀ wọ sẹ́ẹ̀lì nítorí ọmọ, ìyàwó kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ nítorí ọkọ. Inú rẹ̀ náà ni wọ́n ti sọ pé bí ọlọ́pàá bá ní ẹnì kan jẹ́wọ́, kí wọ́n ya ìjẹ́wọ́ náà sórí fídíò, tàbí kí lọ́yà ẹni náà wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ẹgba àti igi gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn. Nígbà tó di 2015, ìjọba àpapọ̀ ṣe irú òfin kan náà fún àwọn kóòtù rẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ yòókù nílẹ̀ Yorùbá sì ti ṣe tiwọn. Òfin 2015 náà sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ mú èèyàn torí aṣemáṣe tí kì í ṣe ọ̀ràn dídá tàbí torí àdéhùn tó bàjẹ́ lásán; inú rẹ̀ ni gbèsè wà. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 tún sọ ohun kan náà. Òfin mélòó lẹ tún fẹ́ kí wọ́n ṣe kí ẹ tó gbọ́?

Mo mọ ohun tí ẹ máa ń sọ. Ẹ ó ní, "Bàbá, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́." Òwe gidi ni. Ṣùgbọ́n ṣé èèyàn máa ń ti sẹ́ẹ̀lì bọ̀ kó ṣọ̀rẹ́ ni? Ẹni tí o jẹ́ kí wọ́n bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lójú ọmọ rẹ̀, ṣé ó tún lè bá ọ jẹun nínú àwo kan náà láyé? Òwe yẹn kìlọ̀ fún wa pé ká má fi ìjà já okùn ẹbí, bẹ́ẹ̀ ibùdó ìpẹ̀tùsááwọ̀ ló bá òwe náà mu jù. Ibẹ̀ lẹ ti lè gba ẹ̀tọ́ yín, kí ẹ sì ṣì máa kí ara yín láàárọ̀. Ẹ fò ó kọjá, ẹ lọ sí ibi tó ń ba nǹkan jẹ́ pátápátá, ẹ wá ń fi òwe àwọn baba wa gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ yé purọ́ mọ́ àwọn baba wa.

Ẹ ó tún ní kóòtù ń pẹ́. Òótọ́ ni, ẹjọ́ ilẹ̀ wà tó ti ré àwọn tó pè é kọjá láyé. Ṣùgbọ́n ti gbèsè tiyín ńkọ́? Láti 2018 ni Èkó ti ní ilé ẹjọ́ gbèsè kéékèèké, lábẹ́ àwọn adájọ́ májísíréètì. Gbèsè tí kò bá ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀. O kọ ìwé sí ajigbèsè rẹ pé kó sanwó. Bí kò bá san, o gba fọ́ọ̀mù, o kọ ọ̀rọ̀ rẹ sí i, o mú ẹ̀rí rẹ dání. Kò pọn dandan kí o gba lọ́yà. Ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n dá pé kí ẹjọ́ náà fi parí, àtìbẹ̀rẹ̀ àtìdájọ́. Nílùú tí èyí kò bá sí, kóòtù ìbílẹ̀ wà, kóòtù májísíréètì wà. Olówó tó fi gbogbo èyí sílẹ̀ tó lọ ń bẹ ọlọ́pàá dà bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé wà lápò rẹ̀, tó ń fọ́ fèrèsé wọlé.

Ó wá kan ẹ̀yin agbẹjọ́rò. Ẹ̀yin lẹ̀bi yín pọ̀ jù, nítorí ẹ kò lè sọ pé ẹ kò kàwé. Oníbàárà yín á wá, á ní lágbájá jẹ òun lówó. Ẹ mọ̀ dáadáa pé gbèsè lásán kì í ṣe ọ̀ràn. Ẹ mọ̀ pé ìwé sí kóòtù ló yẹ kí ẹ kọ. Ẹ wá kọ ìwé sí ọlọ́pàá, ẹ kó ọ̀rọ̀ "jìbìtì" àti "ìhàlẹ̀ mọ́ ẹ̀mí" sínú rẹ̀, kí ọlọ́pàá lè rí ohun dì mú. Ẹ ti sọ òfin tí àwọn olùkọ́ yín jìyà lé lórí di okùn tí ẹ fi ń so aláìlówó. Bí ọlọ́pàá bá ṣe é, a lè ní kò mọ̀. Kí ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin tí ẹ wọ aṣọ dúdú, tí ẹ búra?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ òfin náà, ẹ má rò pé mo ti gbàgbé yín. Ní 2003, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ernest Ojukwu àtàwọn olùkọ́ bíi tirẹ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní NULAI, kí àwọn yunifásítì wa lè máa ní ilé ìgbaninímọ̀ràn òfin, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jókòó ti tálákà gidi, tó ń gbọ́ ẹjọ́ gidi, tí olùkọ́ rẹ̀ sì ń ṣọ́ ọ. Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúyẹmísí Bámgbóṣé dá irú rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn obìnrin ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 2007. Obìnrin tí kò rówó san fún lọ́yà lè wọ ibẹ̀, kí ó sọ ti ọkọ tó kọ̀ tí kò bọ́ ọmọ, ti àwọn àna tó lé e jáde nínú ilé olóògbé, ti onílé tó kó ẹrù rẹ̀ sóde. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ sílẹ̀, olùkọ́ á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á kọ ìwé, wọ́n á pe ẹnì kejì wá sí ìlaja. Obìnrin náà kò ní san owó iṣẹ́ lọ́yà.

Iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Síbẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wà tó ń wo irú ibẹ̀ bí ibi tí wọ́n ti ń fi àsìkò ṣòfò, tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ epo àti báǹkì nìkan ló ń ro. Ìwọ ọmọ, tálákà tó jókòó níwájú rẹ lórí bẹ́ǹṣì yẹn ló ń kọ́ ọ níṣẹ́. Lọ́wọ́ rẹ̀ lo ti máa mọ̀ pé èèyàn lè jàre kó má mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Bí o kò bá mọ ìyẹn, kí ni o fẹ́ fi ìwé ẹ̀rí rẹ ṣe fún ìlú?

Ẹ̀yin ọkùnrin sì wà tí ẹ ń bínú sí obìnrin tó bá lọ síbẹ̀. Ẹ ní ó ti "gbé ọ̀rọ̀ ilé lọ síta." Ẹ̀yin kan náà, bí ó bá ṣe yín, àgọ́ ọlọ́pàá lẹ ń gbà lọ. Ìta kọ́ nìyẹn? Ìgbà tí obìnrin náà jókòó sílé, tó ń sọ ọ́ fún yín, ta ló gbọ́ tirẹ̀? Bí àgbà ilé bá ń ṣe ìdájọ́ òdodo, kò sí obìnrin tó máa wọkọ̀ lọ wá a ní yunifásítì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ohun tí ẹ ń ṣe máa ń parí sí, torí púpọ̀ nínú yín kì í tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà débẹ̀. Ẹ mú ẹnì kan lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ ní kí wọ́n kàn dẹ́rù bà á. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 sọ pé láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, kí wọ́n fi ìwé sọ ohun tí wọ́n torí rẹ̀ mú un fún un, ní èdè tó gbọ́. Kí wọ́n sì gbé e lọ sí kóòtù láàárín ọjọ́ kan bí kóòtù bá wà láàárín ogójì kìlómítà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan á di mẹ́ta, mẹ́ta á di ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ẹbí rẹ̀ kò bá rówó kó sílẹ̀, ọlọ́pàá tó ti fi í pamọ́ jù á wá ohun tó máa fi dá ara rẹ̀ láre, á gbé ẹ̀sùn ọ̀daràn lé e lórí, ó di kóòtù. Adájọ́ á gba bélì rẹ̀, ṣùgbọ́n á ní kó mú onídùúró méjì wá, kí ọ̀kan ní ilé tàbí ilẹ̀ tó ní ìwé. Ta ni aláàárù mọ̀ tó ní ilẹ̀ tó ní ìwé? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ní ilé á dìde pé òun á dúró fún un, wọ́n á ní obìnrin kì í ṣe onídùúró. Irọ́ ni! Òfin 2015 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọ onídùúró torí pé obìnrin ni. Ṣùgbọ́n ta ló wà níbẹ̀ tó mọ̀ ọ́n, tó lè sọ ọ́ fún wọn?

Bí wọ́n ṣe ń dé ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń dé Kirikiri nìyẹn. Tí wọ́n bá ka àwọn tó wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà, àwọn tí kóòtù kò tíì dá lẹ́bi ju ìdajì lọ dáadáa. Wọ́n ń dúró de ìgbẹ́jọ́. Àwọn kan nínú wọn, gbólóhùn "ẹ kàn dẹ́rù bà á" ló gbé wọn débẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sọ ọ́ ti gbàgbé, ẹ ti lọ sí òde ìgbéyàwó, ẹ ti ń náwó. Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Ẹ̀yin ti sọ ọ́ di bí i ká kú.

N kò dá ìjọba sí. Láti 1976 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá Legal Aid Council sílẹ̀ láti máa gba ẹjọ́ ro fún tálákà, wọ́n sì tún òfin rẹ̀ ṣe ní 2011. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ ni wọ́n dìídì ṣe é fún, owó yẹn sì ti di ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin náírà láti 2024. Ẹ wo bí mẹ̀kúnnù tí kò ní tó bẹ́ẹ̀ lóṣù ṣe pọ̀ tó lọ́jà kan ṣoṣo, kí ẹ wá wo iye lọ́yà tí àjọ náà ní. Ẹ̀yin aṣòfin tí ẹ ń pín owó ìlú, tí ẹ ń ra ọkọ̀ olówó ńlá, tí ẹ sì ń fi ẹ̀rúnrún ránṣẹ́ sí irú àjọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ lẹ ń dá. Ẹ fi owó síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ kí ẹ̀yin aráàlú sá pa mọ́ sẹ́yìn ìjọba. Ìjọba kọ́ ló wọkọ̀ lọ gbé ìyá eléèlùbọ́. Ẹnì kan láàárín wa ló san owó epo mọ́tò tí wọ́n fi lọ gbé e.

Nítorí náà, mo ń pàṣẹ fún yín gẹ́gẹ́ bí àgbà. Olórí ẹbí, alága àdúgbò, ẹ lọ wádìí ibi tí Legal Aid Council, OPD tàbí ilé ìgbaninímọ̀ràn òfin ti yunifásítì tó sún mọ́ yín wà, kí ẹ sì kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sí ibi tí gbogbo ilé ti lè rí i. Ìyálọ́jà, bàbálọ́jà, ẹ kéde rẹ̀ níbi ìpàdé pé ẹni tó bá mú ìyá tàbí ìyàwó ajigbèsè, ẹgbẹ́ máa bá a wí. Ẹ̀yin àlùfáà àti pásítọ̀, ẹ sọ ọ́ lórí pèpéle, nítorí iwájú yín ni àwọn olówó wọ̀nyí ń jókòó sí. Lọ́yà tó bá ti gbé ìwé gbèsè lọ fún ọlọ́pàá, kí ó lọ gbà á padà, kó gbé e lọ sí kóòtù níbi tó yẹ kó wà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ òfin, ẹ kọ àwọn ẹ̀tọ́ wọ̀nyí ní Yorùbá tó já gaara, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọjà àti gáráàjì, kí ẹ kà á lórí rédíò, kí ẹni tí wọ́n bá mú lè mọ ohun tó yẹ kó béèrè.

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti ṣe tiwọn. Wọ́n ti kọ́ni, wọ́n ti kọ òfin, wọ́n ti ṣí ọ́fíìsì. Ó ku tiyín. Ẹni tó bá sì tún fi owó rẹ̀ rán ọlọ́pàá lọ gbé ẹlòmíràn nítorí gbèsè lẹ́yìn tó ti gbọ́ gbogbo èyí, kí ó má jókòó tì mí kó máa bá mi sọ̀rọ̀ ìjọba burúkú. Òun náà ti ṣe ìjọba burúkú lórí aládùúgbò rẹ̀.